Ọmọdé Gbọ́n, Àgbà Gbọ́n: Bí Kọ́kọ́rọ́ Àpótí Owó Ṣe Dé Ọwọ́ Àwọn Ọ̀dọ́langba ní Michigan

Àwọn àgbà ilẹ̀ wa bọ̀, wọ́n ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, òun ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò tíì gbọ́ òwe yìí rí. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ owó bá délẹ̀, òwe náà a máa sá pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Àgbà ni ó ń pín owó. Iṣẹ́ tí a máa ń fún ọmọdé ni pé kí ó sáré lọ gbà á wá, tàbí kí ó gbé e lọ fún ẹni tí a ní kí ó gbé e fún. Bí a bá ń dáwó ní ilé-ẹ̀kọ́ fún aláìsàn tàbí fún àwọn ọmọ aláìníyàá, ọmọ ni yóò mú owó wá láti ilé, ọmọ náà ni yóò gbé àpótí kiri iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí ó bá tó àkókò láti ṣí àpótí náà, a ó ní kí àwọn ọmọ máa lọ sílé.

Ìtàn tí a fẹ́ sọ lónìí dá lórí àpótí yẹn àti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ó jẹ́ ìtàn ìpínlẹ̀ Michigan ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn àgbà ti pinnu, ní ìparí àwọn ọdún 1980, pé kí a gbé kọ́kọ́rọ́ lé àwọn ọ̀dọ́langba lọ́wọ́, kí wọ́n sì máa pín owó ìrànwọ́ fún ìlú wọn. Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ fà yọ nínú rẹ̀: owó kíkó jọ nìkan kò tó láti kọ́ ọmọ ní ìtọrẹ. Ìgbà tí ó bá jókòó síwájú àìní mẹ́wàá, tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò sì tó ju mẹ́rin lọ, ni ẹ̀kọ́ náà tó bẹ̀rẹ̀.

Ìgbà tí Àwọn Ọmọdé Ń Gbé Àpótí

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwọn ọmọ Amẹ́ríkà kò mọ ìtọrẹ kí ó tó di àkókò yìí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1917, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní ń lọ lọ́wọ́, Ààrẹ Woodrow Wilson kéde ìdásílẹ̀ ẹ̀ka àwọn ọmọdé nínú ẹgbẹ́ Red Cross ilẹ̀ náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dáwó, wọ́n rán aṣọ, wọ́n sì di ẹrù ránṣẹ́ sí àwọn tí ogun ti sọ di aláìnílé ní ilẹ̀ Yúróòpù.

Nígbà tí ó di ọdún 1938, Ààrẹ Franklin Roosevelt, ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti sọ ẹsẹ̀ rẹ̀ di aláìlágbára láti ọdún 1921, dá àjọ kan sílẹ̀ láti gbógun ti àrùn náà. Eddie Cantor, aláwàdà orí rédíò, rọ gbogbo ènìyàn pé kí olúkúlùkù fi owó ẹyọ sẹ́ńtì 10 ránṣẹ́ sí Ààrẹ. Owó ẹyọ náà rọ́ dé bí òjò. Àwọn tí wọ́n kà á sọ pé ó lé ní mílíọ̀nù 2 àbọ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ ni ó sì ti ọwọ́ àwọn ọmọdé wá. Ní ọdún 1954, nígbà tí a fẹ́ dán abẹ́rẹ́ àjẹsára Jonas Salk wò, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí iye wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 2 ni wọ́n kópa nínú ìdánwò náà. Ní oṣù kẹrin ọdún 1955 ni a kéde pé abẹ́rẹ́ náà ṣiṣẹ́. Àwọn ọmọ tí wọ́n dá owó náà ni wọ́n tún na apá.

Ẹ̀kẹta ni ti ọdún 1950. Ní ìlú Philadelphia, ní alẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá, nígbà tí àwọn ọmọ Amẹ́ríkà máa ń wọ aṣọ eégún-ṣeré kiri ojúlé láti tọrọ súwíìtì, àwọn ọmọ kan gbé páálí dání, wọ́n tọrọ owó fún àwọn ọmọ ilẹ̀ mìíràn tí ìyà ń jẹ. Dọ́là 17 ni wọ́n rí kó jọ, wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sí UNICEF. Láti ibẹ̀ ni àṣà náà ti tàn káàkiri orílẹ̀-èdè.

Iṣẹ́ rere ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a kò sì gbọdọ̀ fojú kékeré wò wọ́n. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí á bi ara wa léèrè: nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èwo ni a ti bi ọmọdé pé, “Níbo ni ìwọ rò pé ó yẹ kí owó yìí lọ?” Kò sí. Àwọn àgbà ti mọ ibi tí owó ń lọ kí ọmọ tó gbé àpótí jáde nílé.

Ọwọ́ Òkú Lórí Owó Alààyè

Kí á tó dé Michigan, ó yẹ kí á dúró díẹ̀ ní ìlú Cleveland, ní ìpínlẹ̀ Ohio, nítorí ibẹ̀ ni a ti hun àpò tí a wá fi lé àwọn ọ̀dọ́ lọ́wọ́ lẹ́yìn ọ̀rẹyìn.

Frederick Goff jẹ́ agbẹjọ́rò tí ó di ọ̀gá báǹkì. Iṣẹ́ rẹ̀ mú kí ó máa rí ìwé ìhágún àwọn olówó, ó sì ṣàkíyèsí ohun kan tí kò dára. Olówó lè kọ ọ́ sínú ìwé pé ohun báyìí ni kí a máa fi owó òun ṣe títí láé. Ayé a yí padà, ohun náà a di ohun tí kò sí mọ́, ṣùgbọ́n owó náà a wà níbẹ̀, òfin kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni fi ṣe nǹkan mìíràn. Ní ìlú St. Louis, fún àpẹẹrẹ, Bryan Mullanphy, tí ó ti jẹ olórí ìlú náà rí, kú ní ọdún 1851. Ó fi apá kan ogún rẹ̀ sílẹ̀ láti máa ran àwọn arìnrìn-àjò talákà tí wọ́n ń gba St. Louis kọjá lọ tẹ̀dó sí ìwọ̀-oòrùn lọ́wọ́. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ọkọ̀ ojú irin fi dé, tí ìrìn-àjò onírú èyí sì dópin. Owó wà nílẹ̀, àwọn tí a tìtorí wọn fi í sílẹ̀ ni a kò rí mọ́. Ohun tí àwọn amòfin ń pè ní ọwọ́ òkú nìyí: ẹni tí ó ti lọ sí àjùlé ọ̀run ṣì di àpò àwọn alààyè mú.

Ní ọjọ́ kejì oṣù kìíní ọdún 1914, Goff dá àjọ ìtọrẹ ti ìlú Cleveland sílẹ̀. Ọgbọ́n rẹ̀ rọrùn. Kí ọ̀pọ̀ ènìyàn kó owó wọn sínú àpò kan ṣoṣo tí ó jẹ́ ti ìlú. A kò ní ná ojú owó. Èlé tí ó bá mú wá lọ́dọọdún ni a ó máa pín. Ìgbìmọ̀ àwọn ará ìlú tí wọ́n wà láàyè ni yóò sì máa wo ohun tí ìlú nílò ní ọdún náà. Michigan, tí ó jẹ́ aládùúgbò Ohio, kò jẹ́ kí ó pẹ́: Grand Rapids dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1922, Kalamazoo tẹ̀ lé e ní 1925.

Báyìí ni wọ́n ṣe gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ òkú. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ta ni wọ́n gbé e lé? Ọwọ́ àwọn àgbà ìlú ni: àwọn ọlọ́jà, àwọn agbẹjọ́rò, àwọn ọ̀gá báǹkì. Ó tó 70 ọdún lẹ́yìn Goff kí ẹnikẹ́ni tó ronú pé ọ̀dọ́langba náà wà lára àwọn alààyè.

Ọkùnrin Alágbàdo ti Battle Creek

Ìlú kékeré kan wà ní Michigan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Battle Creek. Ibẹ̀ ni a ti bí Will Keith Kellogg ní ọdún 1860. Ọmọdékùnrin tí kò pẹ́ nílé-ẹ̀kọ́ ni, ó sì ti ń ta ìgbálẹ̀ kiri fún bàbá rẹ̀ láti kékeré. Lẹ́yìn tí ó ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún lábẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó jẹ́ dókítà, ó dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1906, ó ń ṣe oúnjẹ àgbàdo gbígbẹ tí àwọn ènìyàn ń da mílíìkì lé lórí jẹ ní òwúrọ̀. Oúnjẹ yìí ni ó sọ ọ́ di olówó.

Owó kò lè ṣe ohun gbogbo. Ọmọ-ọmọ Kellogg kan já bọ́ láti ojú fèrèsé òkè nígbà tí ó wà ní kékeré, ó sì farapa gidigidi. Bí bàbá àgbà ọmọ náà ṣe lówó tó, ó ṣòro fún un láti rí ìtọ́jú tí ó péye fún un ní àgbègbè wọn. Ọ̀rọ̀ náà wọ ọ́ lára: bí ó bá rí báyìí fún olówó, báwo ni yóò ti rí fún ọmọ tálákà? Ní ọdún 1930, nígbà tí ó pé ẹni 70 ọdún, ó dá àjọ onítọrẹ kan sílẹ̀ nítorí àlàáfíà àwọn ọmọdé. Ní 1934 ó fi owó àti ìpín ilé-iṣẹ́ rẹ̀ tí ó lé ní mílíọ̀nù 66 dọ́là tì í lẹ́yìn. Iṣẹ́ ńlá tí àjọ náà kọ́kọ́ ṣe ni ti ìlera àwọn ọmọ ní káúńtì méje ní Michigan. Kellogg kú ní 1951, ṣùgbọ́n àjọ náà kò kú, kò sì gbàgbé àwọn ọmọdé.

Ìpèníjà Ọdún 1988

Àwọn ọdún 1980 kò rọrùn fún Michigan. Iṣẹ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni ó gbé ìpínlẹ̀ náà ró, nígbà tí ó sì dojú rú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún wọ̀nyẹn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ni wọ́n pàdánù iṣẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó pé ìlú àwọn kò ní ọjọ́ ọ̀la. Láàárín ìgbà yìí, àwọn ìlú kan ní àjọ ìtọrẹ tí ó lágbára, ọ̀pọ̀ ìgbèríko kò sì ní nǹkan kan.

Ní ọdún 1988, ẹgbẹ́ tí ó kó àwọn àjọ onítọrẹ Michigan jọ, lábẹ́ olórí rẹ̀ Dorothy Johnson, àti àjọ Kellogg, tí Russell Mawby jẹ́ olórí rẹ̀, dáwọ́ jọ lé iṣẹ́ kan. Wọ́n pe àwọn ìlú níjà. Wọ́n ní fún dọ́là 2 tí àjọ ìtọrẹ ìlú kan bá kó jọ, àjọ Kellogg yóò fi dọ́là 1 lé e, títí dé mílíọ̀nù 1 dọ́là. Títí dé ibí yìí, kò sí ohun tuntun. Àwọn olówó ti máa ń ṣe irú èyí tipẹ́.

Ohun tuntun wà nínú àdéhùn tí ó tẹ̀ lé e. Dọ́là tí àjọ Kellogg bá mú wá yóò jẹ́ ojú owó tí a kò ní ná títí láé, èlé rẹ̀ yóò sì jẹ́ ti àwọn ọ̀dọ́. Kí ìlú kan tó lè gba owó náà, ó gbọ́dọ̀ yan ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀dọ́, kí àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí sì máa sọ ibi tí èlé náà yóò lọ. Bí ìlú bá fẹ́ owó, ó di dandan kí ó fi ìjókòó sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀.

Ẹ kíyè sí ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀. Àwọn àgbà tí wọ́n dá dọ́là 2 ni wọ́n bí dọ́là 1 ti àwọn ọ̀dọ́. Àwọn olùtọrẹ náà rí i pé bí àwọn bá ṣe tọrẹ tó ni àpò àwọn ọmọ yóò ṣe wúwo tó. Iye tí àjọ Kellogg ná lórí iṣẹ́ náà lé ní mílíọ̀nù 40 dọ́là. Láàárín ọdún díẹ̀, àjọ ìtọrẹ ìlú tàn dé àwọn káúńtì 83 tí ó wà ní Michigan, ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀dọ́ sì lé ní 80.

Bí Ìgbìmọ̀ Àwọn Ọ̀dọ́ Ṣe Ń Ṣiṣẹ́

Ẹ jẹ́ kí á fọkàn yàwòrán ìlú kan kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa dáadáa. Ká ní ojú owó àwọn ọ̀dọ́ ìlú náà jẹ́ mílíọ̀nù 1 dọ́là. Bí a bá ń mú dọ́là 5 jáde nínú 100, owó tí wọn yóò pín lọ́dún jẹ́ 50,000. Ọmọ ogún tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n láti oríṣiríṣi ilé-ẹ̀kọ́ girama ní káúńtì náà ni wọ́n jókòó yí tábìlì ká. Ìwé ìbéèrè méjìlá wà níwájú wọn, àpapọ̀ ohun tí àwọn oníwèé ń béèrè sì jẹ́ 120,000. Ìṣirò kò ní purọ́: àwọn kan yóò lọ lọ́wọ́ òfo.

Kí wọ́n tó dé ibi tábìlì yìí rárá, iṣẹ́ ti wà tí wọ́n ṣe. Ní gbogbo ọdún mélòó kan, ìgbìmọ̀ a máa fi ìwé ìbéèrè-ọ̀rọ̀ ranṣẹ́ sí àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ wọn láti mọ ohun tí ń dùn wọ́n jù lọ: ṣé ọtí ni, ṣé ìbànújẹ́ ọkàn ni, ṣé ìfìyàjẹni láàárín akẹ́kọ̀ọ́ ni, àbí àìríbi lọ lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́? Ìdáhùn tí wọ́n bá rí gbà ni wọn yóò fi ṣe òṣùwọ̀n. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò ka ìwé àwọn tí ń béèrè owó, wọn yóò lọ bẹ àwọn mìíràn wò níbi iṣẹ́ wọn, wọn yóò bi wọ́n ní ìbéèrè: èéṣe tí iye yìí fi pọ̀? Ta ni yóò jàǹfààní? Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ nígbà tí owó wa bá tán?

Ẹni tí ó bá ní ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ nínú àwọn tí ń béèrè gbọ́dọ̀ sọ ọ́ jáde, kí ó sì yẹra nígbà ìdìbò. Nígbà tí wọ́n bá dìbò tán, wọn yóò gbé àbá wọn lọ síwájú ìgbìmọ̀ àgbà ti àjọ náà, àwọn àgbà ni wọ́n sì máa ń fọwọ́ sí i kẹ́yìn. Lẹ́yìn èyí ni lẹ́tà yóò jáde, ti “bẹ́ẹ̀ ni” àti ti “bẹ́ẹ̀ kọ́.”

Lójú tèmi, lẹ́tà “bẹ́ẹ̀ kọ́” yìí ni ẹ̀kọ́ tí ó tóbi jù lọ nínú gbogbo rẹ̀. Ó rọrùn fún ọmọ láti fi owó sínú àpótí, kí inú rẹ̀ dùn, kí ó sì gbàgbé. Ọmọ tí ó bá ti kọ̀wé sí àgbàlagbà ọlọ́kàn rere kan pé owó kò ní í kan iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún yìí, tí ó sì ní láti sọ ìdí rẹ̀ láìparọ́, kò lè gbàgbé. Yóò ti mọ̀ pé àìní pọ̀ ju owó lọ, pé àánú láìsí ọgbọ́n a máa ṣìnà, àti pé ẹni tí ó ń pín nǹkan yóò dáhùn fún bí ó ṣe pín in.

Òfin àti Ọjọ́ Orí

Bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, yóò bá àgbà jẹun. Àwọn ọ̀dọ́ Michigan ti mọ ọwọ́ wẹ̀, ṣùgbọ́n òfin ni ó dá wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìgbìmọ̀ ọ̀dọ́ lè mú àbá wá, ṣùgbọ́n ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 kò ní ìjókòó nínú ìgbìmọ̀ alákòóso gan-an. Ní ọdún 1998, Michigan tún òfin rẹ̀ ṣe, ó sì fi àyè sílẹ̀ kí ọmọ ọdún 16 àti 17 lè di ọmọ ìgbìmọ̀ alákòóso àwọn àjọ tí kì í ṣe ti èrè, bí ìwé òfin àjọ náà bá gbà á láyè. Òfin náà kò ṣàìfi ààlà sí i: iye àwọn ọ̀dọ́ náà kò gbọdọ̀ ju ìdajì iye ènìyàn tí ó gbọ́dọ̀ pé kí ìpàdé tó lè fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Òfin yìí ṣe pàtàkì nínú ìtàn wa. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ìpèníjà náà, ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àdéhùn olówó kan ti di ohun tí ìpínlẹ̀ fọwọ́ sí. Wọ́n kọ́kọ́ wo iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ náà, lẹ́yìn náà ni òfin tó tẹ̀ lé e.

Àwọn Ìlú Mìíràn Gbọ́

Ohun tí ó bá dára kì í pẹ́ kí ó tó ta sí etí àwọn aládùúgbò. Ní Toronto, ní orílẹ̀-èdè Kánádà, àjọ ìdílé kan bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ọdún 2002 tí ó gbé iṣẹ́ yìí wọ inú iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pín ara wọn sí ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan wádìí àjọ aláàánú kan ní àdúgbò wọn, wọ́n sì dìde síwájú àwọn adájọ́ láti gbẹnu sọ fún un. Ètò náà dé Scotland ní ọdún 2008, níbi tí ẹgbẹ́ tí ó bá borí ní ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ti ń gba £3,000 fún àjọ tí wọ́n ṣojú fún.

Ní England, ìjọba fúnra rẹ̀ ni ó gbé e. Ní ọdún 2006, ó ya £115 mílíọ̀nù sọ́tọ̀ fún ọdún méjì, ó pín in fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀, ó sì ní kí àwọn ọ̀dọ́ ọdún 13 sí 19 máa kópa nínú ìpinnu lórí ohun tí a ó fi ṣe. Owó náà pọ̀, iṣẹ́ tí ó ṣe kò kéré. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba yí padà, tí a sì ń gé ìnáwó kù, ó tó ọdún 2011, owó tí a yà sọ́tọ̀ náà ti lọ.

Ẹ fi èyí wé Michigan. Ní England, ìjọba ni ó di ìdí owó mú, nígbà tí ó sì fà á, ó bọ́. Ní Michigan, ojú owó wà ní ìlú, kò sí ẹni tí ó lè ná an tán. Ohùn láìsí owó tí ó dúró kò lè pẹ́ lọ títí.

Àbùkù Kò Ṣàìsí Níbẹ̀

Òpìtàn tí ó bá sọ dídùn nìkan kò tíì sọ ìtàn. Àwọn ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí á bi ètò yìí.

Èkínní, irú ọmọ wo ni ó ń jókòó sí tábìlì náà? Olùkọ́ ni ó sábà máa ń dárúkọ ọmọ fún ìgbìmọ̀, ta ni olùkọ́ yóò sì dárúkọ bí kò ṣe ọmọ tí ó mọ̀wé, tí ó mọ ọ̀rọ̀ sọ, tí òbí rẹ̀ ní ọkọ̀ láti gbé e dé ìpàdé? Ọmọ tí ó ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ kí ilé lè jẹun kò ráyè wá. Bí a kò bá ṣọ́ra, àwọn ọmọ olówó ni yóò máa pín owó fún àwọn ọmọ tálákà, a ó sì ti kọ́ wọn ní ìgbéraga dípò àánú.

Èkejì, àgbà tí ó wà nínú yàrá náà ńkọ́? Àgbàlagbà kan a máa bá ìgbìmọ̀ náà jókòó láti tọ́ wọn sọ́nà. Bí ó bá jẹ́ ẹni tí ń yára sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ni àwọn ọmọ yóò máa tẹ̀ lé. Bí ó bá dákẹ́ jù, wọn yóò ṣìnà. Ọgbọ́n kí ènìyàn dákẹ́ níbi tí ó ti mọ ìdáhùn kò rọrùn rárá. Ẹ̀yin olùkọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ọ̀dọ́ a máa dàgbà, a sì máa kúrò nílùú. Lọ́dọọdún ni àwọn tí wọ́n ti mọ iṣẹ́ náà ń lọ sí yunifásítì, tí àwọn tuntun sì ń dé. Iṣẹ́ kíkọ́ kì í parí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bóyá èyí kì í ṣe àbùkù. Bóyá òun gan-an ni ète rẹ̀.

Ilé Ni À Ń Wò

Ẹnìkan lè ní, “Kí ni ti Michigan sí wa? Ibo ni a ó ti rí mílíọ̀nù dọ́là?” Ìbéèrè náà tọ́. Ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí ó wà nílé.

Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, ti ṣàlàyé èsúsú: bí àwọn ènìyàn ṣe ń dá iye kan náà ní àkókò kan náà, tí olúkúlùkù sì ń kó o nígbà tí ó bá kàn án. Ó lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn baba ńlá wa tí a kó lẹ́rú fi gbé e sọdá òkun. Títí di òní, àwọn ará Trinidad ń pè é ní susu. Bẹ́ẹ̀ náà ni àárọ̀, níbi tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin ti ń bá ara wọn roko yípo, lónìí ní oko tèmi, lọ́la ní oko tìrẹ. Àwọn ọ̀dọ́ wa ti mọ ìṣirò, wọ́n ti mọ bí a ṣe ń tò tẹ̀ lé ara, wọ́n sì ti mọ ìtìjú tí ó wà nínú kí ènìyàn kó owó ẹgbẹ́ sá lọ.

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà tí a kò gbọdọ̀ gbójú fò. Nínú èsúsú àti àárọ̀, ohun tí mo fi sílẹ̀ yóò padà sọ́dọ̀ mi. Nínú iṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́ Michigan, kò sí ohun tí yóò padà. Ẹni tí wọn kò mọ̀ rí ni wọ́n ń pinnu fún. A ní ìpìlẹ̀ ilé náà tipẹ́, yàrá yìí ni a kò tíì kọ́ fún àwọn ọmọ wa.

Kò sì dìgbà tí a bá rí Kellogg tiwa kí á tó bẹ̀rẹ̀. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ 40 ní kíláàsì kan dá ₦100 ₦100, ₦4,000 nìyẹn. Kí olùkọ́ má ṣe sọ ibi tí owó náà yóò lọ. Kí àwọn ọmọ wá àìní mẹ́ta ní àyíká ilé-ẹ̀kọ́, kí wọ́n lọ fi ojú ara wọn rí i, kí wọ́n jiyàn, kí wọ́n dìbò. Kí wọ́n kọ lẹ́tà ọ̀wọ̀ sí àwọn méjì tí owó kò kàn. Ní ìparí sáà, kí wọ́n padà lọ wo ohun tí a fi owó náà ṣe, kí wọ́n sì jábọ̀ fún gbogbo kíláàsì. Bí wọ́n bá ṣe àṣìṣe, ₦4,000 ni wọ́n fi kọ́gbọ́n. Àwọn àgbà kan wà tí owó odindi ìjọba ìbílẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi kọ́ ìpín, àwa ni a sì ń jìyà ẹ̀kọ́ wọn.

Àwọn bàbá wa ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Nígbà mìíràn tí a bá gbé àpótí ìdáwó kiri ilé-ẹ̀kọ́ wa, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ dúró nígbà tí a bá ń ṣí i.